Ibà Ọjọ́ Ajé

Gounghin, Ouagadougou
21 oṣù Kìíní, 2024

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Wákàtí yòówù kí Bọ̀ọ̀dá Mọ́rúfù gbé ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gba ìkíni tó bá wákàtí náà mu lọ́wọ́ mi. Ẹ kú ọyẹ́ o. Èyí tí ẹ̀ ń pè ní ọyẹ́ ní Ìnísà, ọmọ ọwọ́ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ibí. Ètè mi ti là, eruku pupa sì ti wọ inú ìrọ̀rí mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bi ara yín pé kí ló dé tí n kò pè. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé etí yín kò gbọ́ fóònù dáadáa mọ́, pé bí ẹ bá ṣí i sókè, gbogbo àgbàlá ló ń bá yín gbọ́ ọ. Ẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí n máa fi rán Mọ́rúfù bí ó bá ń lọ ra páàtì ọ̀kadà ní Èkó. Mo ti ṣe bí ẹ ti wí.

Àǹkú Àmínù, àbúrò yín, gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. N kò tíì jókòó tí ìyàwó wọn, Tàǹtí Salimata, fi gbé igbá omi lé mi lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀yà Mossi níbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ Yorùbá, bí Faransé tilẹ̀ ń yọ lẹ́nu wọn. Ìyẹ̀fun jéró, atalẹ̀ àti ṣúgà ni wọ́n pò mọ́ omi náà. Zoom-koom ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń gba àlejò níbí. Mo mu ún tán, wọ́n tún bu òmíràn.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni Àǹkú fi mí sí, lọ́dọ̀ ọ̀gá Ismaël. Ọmọ Ọ̀ffà ni bàbá rẹ̀, ibí ni wọ́n bí òun sí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lẹ́bàá títì tó lọ sí ìlú Bobo. Àwọn wẹ́dà tí ẹ mọ̀ ń fi igi ẹlẹ́kítíróòdù jó irin. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà tiwa wà lórí àgbá kékeré kan bí òwú ẹ̀rọ ìránṣọ yín, ẹ̀rọ ń tì í jáde lẹ́nu ohun ìdìmú kan tí à ń pè ní ìbọn, ìyẹ̀fun sì wà nínú ikùn wáyà náà. Bí wáyà bá ti ń yọ́, ìyẹ̀fun náà ń di èéfín tó ń bo ojú irin kí atẹ́gùn má baà bà á jẹ́. Tẹ́lẹ̀, wáyà lásán ni ọ̀gá ń lò, gáàsì láti inú sílíńdà ló ń bo irin náà. Gáàsì wá di ohun tí à ń wá tí a kì í rí, ni ọ̀gá bá yà sí oníyẹ̀fun. Bí a ti ń ṣe nígbà gáàsì náà la ṣì ń ṣe ṣá: a ó ti ilẹ̀kùn, a ó pa fáànù, kí atẹ́gùn má wọlé.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di ìbọn mú, n kò mọ̀ pé wọ́n ní láti pààrọ̀ okùn méjì inú ẹ̀rọ, kí ti ìbọn bọ́ sí màínọ̀ọ̀sì. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ń tutọ́ iná sí mi lára bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní fífà ni wọ́n ń fa ọwọ́, wọn kì í tì í síwájú. Ó ní èèpá dúdú tó bá sì gbẹ lójú ibi tí mo jó, kí n gbá a dànù kí n tó fi òmíràn lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin náà yóò kàn ṣe bí ẹni pé ó lẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rán ṣòkòtò kakí, nítorí aṣọ ọlọ́ràá ń yọ́ mọ́ni lára. Ibà díẹ̀ mú mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ. Òtútù ni. Ẹ má fòyà.

Ọmọ yín,
Nuru


Ìnísà
9 oṣù Kejì, 2024

Nuru, Àkàngbé ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó gbé ọ dé ìlú eruku ṣì ń gbé ọ rìn? Àwa wà, Alhamudulilai. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, orúnkún mi ló ń kọṣẹ́.

Mo ka ìwé rẹ, mo fi ológbò rẹ rẹ́rìn-ín. Mo tún un kà, mo dé ibi tí o ti dárúkọ ibà, mo gbé aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀. O fi ojú ìwé odidi ròyìn wáyà tó jẹ ìyẹ̀fun yó, ibà tó mú ọ o fún un ní ìlà kan. O ní òtútù ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ Táfà wí, ohùn rẹ̀ tó kẹ́yìn tí mo gbọ́ nìyẹn. O kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n o mọ ibi tí a sin ín sí. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá pe ibà ní òtútù létí mi, mo máa ń dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Sọ fún mi bí ibà náà ti ń ṣe ọ, ìgbà tí ó ń dé, ìgbà tí ó ń lọ. Sọ ohun tí ò ń jẹ àti ẹni tó ń sè é. Má fi ìbéèrè mi ṣe ìbínú, ìyá ló ń bèèrè. Ṣòkòtò méjì nìyí, mo fi aṣọ méjì lé ara wọn níbi itan. Mọ́rúfù kọ̀ láti gbé ìgò àgbo, ó ní àwọn ṣọ́jà ojú ọ̀nà á ní kí òun kọ́kọ́ mu ún. Ewé dongoyárò gbígbẹ ni mo wá dì sínú àpò ṣòkòtò.

Má dákẹ́ o. Ọ̀nà jíjìn kò pa mí, ìdákẹ́ rẹ ni yóò pa mí.

Ìyá rẹ,
Ìdíátù


Gounghin, Ouagadougou
28 oṣù Kejì, 2024

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ṣòkòtò dé, ó bá mi mu, iná sì ti tọ́ ọ̀kan wò níbi ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín mọ́.

Ibà náà ń padà wá. Ọjọ́ Ajé ni, kò sì jẹ́ ọjọ́ mìíràn. Bí a bá ti ń palẹ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnu mi á máa ta bí ẹni tó lá owó idẹ. Àyà mi á há. Kí n tó dé ilé, òtútù á ti wọ egungun mi, eyín mi á máa gbá ara wọn lábẹ́ gbogbo kúbùsù tó wà nílé. Nígbà tó bá di àfẹ̀mọ́júmọ́, màá làágùn wẹ̀, màá sì dìde bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí. Ọjọ́rú, kò sí. Mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ibà ẹ̀fọn. Ọ̀gá Ismaël ní ó ṣe òun náà rí, pé bí ara mi bá mọ iṣẹ́ yóò lọ. Ó sọ ọ́ tán, ó wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú.

Ẹ béèrè oúnjẹ. Tàǹtí Salimata ló ń sè é, tó, òkèlè tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun jéró rò, àti ọbẹ̀ ilá, tàbí ìrẹsì, inú abọ́ kan náà sì ni gbogbo wa ti ń jẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń po zoom-koom tèmi sọ́tọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò kojú iná lọ́la gbọ́dọ̀ fi nǹkan tútù sùn.

Màámi, ẹ̀rù ń bà mí. Bí oòrùn ọjọ́ Àìkú bá ti ń wọ̀, n kì í lè dá jókòó mọ́, nítorí mo mọ ohun tó ń bọ̀, n kò sì mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ gbàdúrà fún mi.

Nuru


Ìnísà
12 oṣù Kẹta, 2024

Nuru,

Kú ààwẹ̀. N kò ní kí ọ pẹ́, ara mi kò balẹ̀.

Àìsàn kì í mọ ọjọ́. Ibà tí Ọlọ́run dá kò mọ Ajé yàtọ̀ sí Ẹtì. Ohun tó bá mọ ọjọ́ tí yóò wá, ẹni tó rán an ló dá ọjọ́ fún un. Ọjọ́ Àìkú ni obìnrin yẹn ń po omi tìrẹ sọ́tọ̀, ọjọ́ Ajé ni ó ń mú ọ. Kí lo tún fẹ́ kí n rí kí n tó sọ̀rọ̀? Láti ìgbà tí Àmínù ti fẹ́ ẹ, kò bímọ. N kò fi bú u rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí tirẹ̀ gbé, èwo ni ti kí ó máa po omi fún tẹni ní ìkọ̀kọ̀?

Má jẹ nǹkan rẹ̀ mọ́. Má mu. Bí ó bá fi ọwọ́ kan aṣọ rẹ, tún un fọ̀. Mo ti kọ̀wé sí Àmínù lọ́tọ̀, Mọ́rúfù ló mú un dání, mo sì sọ ọ́ bí ó ti rí lọ́kàn mi gan-an: kí ó mú ìyàwó rẹ̀ kúrò lára ọmọ mi. Kí ó bínú sí mi. Mo ti sin ọ̀kan. N kò ní sin èkejì.

Ìyá rẹ


Gounghin, Ouagadougou
3 oṣù Kẹrin, 2024

Ìyá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìpamọ́ra. Mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Mo ṣe bí ẹ ti wí. Nígbà ìṣínu ọjọ́ Àìkú kan, Tàǹtí gbé igbá náà wá, mo ní kò wù mí. Wọ́n wò mí. Wọ́n bu díẹ̀ mu lójú mi, wọ́n sì tún nà án sí mi. Mo tún kọ̀ ọ́. Níbí, ẹni tó bá kọ omi tí wọ́n fún un ti sọ fún onílé pé ọ̀tá ni í ṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ̀ ọ́. Wọ́n gbé igbá náà padà wọ ilé ìdáná. Búrẹ́dì tí mo fi ọwọ́ ara mi rà ni mo fi ṣe sààrì.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ajé, ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, n kò tọ́ ohunkóhun wò láti àárọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, mo ṣubú sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. N kò lè mí. Ọ̀gá àti ẹnìkan tó ń kọjá ló gbé mi lé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá sílé. Tàǹtí Salimata rí wọn bí wọ́n ti ń gbé mi wọlé, wọ́n dúró gan-an láàárín àgbàlá, wọn kò súnmọ́ mi. Ìwé yín ti dé ọwọ́ Àǹkú nígbà náà, Àǹkú sì ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì lọ sí ilé ìyá wọn ní àdúgbò Samandin, nínú ìlú yìí kan náà. Àǹkú kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà ju kí ó kí mi lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ọjọ́ Ajé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí bọ́ sí ọdún Àjíǹde àwọn onígbàgbọ́, gbogbo ìlú ti ṣọ́ọ̀bù, àwa náà tì. Mo jókòó sílé láti àárọ̀, mò ń retí rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọlọ́pàá. Kò wá. Mo sùn. Lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ṣí ṣọ́ọ̀bù, a ti ilẹ̀kùn, a jó páìpù, ó sì mú mi nírọ̀lẹ́.

Màámi, ibà náà kò mọ ọjọ́. Iṣẹ́ ló mọ̀. Tàǹtí kọ́. Kí ni a ti ṣe yìí?

Nuru


Ìnísà
20 oṣù Kẹrin, 2024

Nuru ọmọ mi,

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ti lọ, n kò mọ ìgbà tó lọ.

Bí iṣẹ́ bá ni, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbí, kì í yọ èéfín. Mo mọ̀ pé o kò ní gbọ́, baba rẹ náà kò gbọ́ nígbà ayé rẹ̀. Ó kéré tán, padà sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, kí o sì sọ fún wọn ohun tí o sọ fún mi nípa páìpù àti ọjọ́.

Ní ti Salimata, mo mọ̀ pé inú ló ń bí i. Kí ó bínú, ó ní ẹ̀tọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wò ó, ta ni ǹ bá fura sí? Òun ló ń sè, òun ló ń pò. Ìyá yòówù tó wà ní ipò mi, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ yóò lọ. Mo pe Àmínù, kò gbé e. Mo ní kí aládùúgbò mi fi fóònù tirẹ̀ pè é, ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò tí mo pọ̀n.

Oorun kò kún ojú mi. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ, ẹ̀rù ohun tí mo kọ sílẹ̀ náà sì ń bà mí. Lọ wo obìnrin náà ní Samandin. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Bí ìbínú rẹ̀ bá pọ̀, dúró kí ó tú u lé ọ lórí, kí o wá sọ fún mi.

Ìyá rẹ,
Ìdíátù


Gounghin, Ouagadougou
12 oṣù Karùn-ún, 2024

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi ti ń padà bọ̀ sípò, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Rahinatou ló gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Kò tíì kàn mí lára tó fi bèèrè irú irin tí mò ń jó àti ọjọ́ tí mo fi ń sinmi, mo ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn páìpù wa, síǹkì ni wọ́n fi bò wọ́n kí wọ́n má baà dípẹtà. Bí iná bá kàn án, síǹkì náà ń di èéfín funfun, òun ni mò ń fà símú. Nọ́ọ̀sì ní ara tó ń gbà á lójoojúmọ́ á máa bá a yí, ṣùgbọ́n bí ó bá fi ọjọ́ kan sinmi, á gbàgbé rẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ padà ni á wá bínú. Ó ní kí n má tún jó o nínú yàrá tí wọ́n tì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Mo ní nígbà gáàsì, a ń ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má fẹ́ gáàsì lọ. Wáyà yìí gbé ààbò rẹ̀ sínú, kí là ń tilẹ̀kùn fún? Ó ní ọwọ́ ti mọ́ ọn ni. Ó fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu, ó fi òkúta tì í. Ní báyìí, ìta la ti ń jó, a ń yí ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, a sì ń fá síǹkì kúrò níbi tí iná yóò kàn, pẹ̀lú ìbomú. Ibà kò tíì padà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti lọ ya àwòrán àyà rẹ̀, kò sì sọ ohun tí wọ́n rí fún ẹnikẹ́ni.

Mo lọ sí Samandin. Mo ti múra láti gba èébú. Tàǹtí ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí mo ti súnmọ́ wọn ni wọ́n sún sẹ́yìn. Mo tún súnmọ́, wọ́n tún sún. Wọn kò fún mi lómi, wọn kò fún mi ní ìjókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, kí wọ́n dárí ji ìyá mi, kí wọ́n má bínú mọ́.

Màámi, ohun tí wọ́n sọ nìyí. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́.

“Nuru, kì í ṣe ìbínú. Ìyá rẹ sọ ohun tí èmi gan-an ti ń rò. Oyún mẹ́ta ni mo gbé nínú ilé yẹn, aucune n'est restée, kò sí èyí tó dúró. Nígbà tí Àmínù sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ wá, èmi ni mo ní kí ó wá. Chaque lundi, gbogbo ọjọ́ Ajé, mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ, mò ń gbọ́ bí eyín rẹ ti ń dún. Mo ní, voilà, òun nìyí, ó ti bẹ̀rẹ̀ lára èyí náà. Ọwọ́ mi ni. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọlé, mo mọ̀ pé ìyá rẹ rí i láti òkèèrè. Mo lọ kí o lè yè.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, síǹkì, ilẹ̀kùn, èéfín. Wọ́n ní d'accord, ó dáa. Wọ́n ní inú wọn dùn pé mo ń sùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ ni mí, ẹni tó bí mi ti sọ tirẹ̀, àgbà sì ni. Wọn kò tẹ̀ lé mi padà. Àǹkú ń jẹun ní búkà. Mo rò pé ẹ̀rù bà wá, èmi àti ẹ̀yin. Ẹ̀rù tiwọn ju tiwa lọ, wọn kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Nuru


Ìnísà
26 oṣù Karùn-ún, 2024

Salimata, ìyàwó mi,

Nuru ni yóò ka ìwé yìí sí ọ létí. Nuru, má fo ìlà kankan.

Èmi Ìdíátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo kí ọ. Mo kí ìyá tó bí ọ, tó gbà ọ́ padà nígbà tí mo lé ọ kúrò nílé ọkọ rẹ láìkúrò ní Ìnísà. N kò rí nǹkan kan láti òkèèrè. Ẹni tí kò ríran ni mí, ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù náà ló kọ ìwé yẹn, èmi ni mo sì fi orúkọ mi sí i.

Gbọ́ ohun tí n kò sọ fún Àmínù rí. Nígbà tí Táfà mi kú, ìyá ọkọ mi dúró lójú òkú, ó ní ọwọ́ mi ni, pé ọwọ́ mi kò dára lára ọmọ. Mo gbà á gbọ́. Fún ìgbà pípẹ́ n kì í gba ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra. Nuru tìkára rẹ̀, ìgbà tó bá sùn ni mò ń fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ ènìyàn nínú, èmi náà ni mo mú un, mo dì í dáadáa, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ.

O ní àgbà ló sọ ọ́. Òótọ́ ni. Àgbà náà ló ń mú un kúrò: ọwọ́ rẹ kọ́. Oyún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ rẹ kọ́. Ibà tó mú Nuru, ọwọ́ rẹ kọ́.

Padà sílé. N kò lè búra fún ọ pé ibà kò tún ní mú un. Iná ni wọ́n ń fi ṣeré níbẹ̀, ẹ̀rù sì ṣì ń bà mí bí mo ti ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún dé lọ́jọ́ Ajé kan, tí o gbọ́ tí eyín rẹ̀ ń dún, má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi jìnnà. Wọlé lọ, kí o gbé orí ọmọ wa lé itan rẹ.

Ìdíátù